Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Pítì Eré Ìje Alùpùpù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni ẹni tó bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ eléré ìje alùpùpù lọ sí pápá sábà máa ń béèrè kó tó di ẹrù rẹ̀. Bírítéènì ni a fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí pé pápá eré ìje pọ̀ níbẹ̀, ọmọ Yorùbá tó bá sì ń gbé ní London tàbí Manchester lè dé ọ̀pọ̀ nínú wọn láàárín wákàtí díẹ̀. A ó mẹ́nu ba Isle of Man, erékùṣù kan láàárín Bírítéènì àti Ireland, àti Assen, ìlú kan ní Netherlands, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kàn wọ́n. Òfin pápá kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Bí ìwé ìlànà tí àwọn olùṣètò fún yín bá ta ko ohun tí a kọ síbí, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Níbo gan-an ni pítì, níbo sì ni wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pe gbogbo ẹ̀yìn pápá ní pítì, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà pítì, ìyẹn ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú eré, tí alùpùpù ń gbà jáde tó sì ń gbà wọlé padà. Èkejì ni ọ̀wọ́ gáráàjì tó kọjú sí ọ̀nà náà, níbi tí àwọn mekáníìkì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni pádọ́ọ̀kì, àgbàlá ńlá tó wà lẹ́yìn gáráàjì, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù, àgọ́, ibi ìjẹun, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọ́fíìsì eré, ibi àyẹ̀wò alùpùpù àti ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà wà. Níbi eré ẹgbẹ́ kéékèèké, gáráàjì kì í kárí gbogbo ènìyàn, nítorí náà abẹ́ àgọ́ nínú pádọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ eléré ti máa ń tún alùpùpù wọn ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ń gun kẹ̀kẹ́ ní pítì, àgbàlá ẹ̀yìn yìí ló ní lọ́kàn, kì í ṣe ọ̀nà pítì.

Ṣé pádọ́ọ̀kì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò fi lè ká a?

Ẹsẹ̀ lè ká a lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni a ó rìn ín, láti òwúrọ̀ kùtù títí di ìrọ̀lẹ́ ni.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú àgbàlá wọ̀nyí fi fẹ̀ ní Bírítéènì ni pé ibùdó ọkọ̀ òfuurufú ológun ni wọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Bí Silverstone ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni Thruxton, Snetterton àti Croft. Nígbà tí ogun parí, ọ̀dà tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń lò ó, àwọn eléré ìje sì sọ ọ́ di tiwọn. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó gbòòrò, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ lórí rẹ̀ láìsí ohun tó dá a dúró. Ojú eré Silverstone gùn tó 5.891 km, pítì rẹ̀ sì pé méjì: ti àtijọ́ wà láàárín kọ́nà Woodcote àti Copse, tuntun tí wọ́n ń pè ní Wing, tí wọ́n ṣí ní 2011, wà láàárín Club àti Abbey. Ẹni tí àgọ́ rẹ̀ bá wà lápá kan, tí ohun tó ń wá sì wà lápá kejì, yóò rìn títí orúnkún rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí eléré kan tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nìkan ló tẹ̀ lé e wá. Ní òwúrọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, kí wọ́n gbé alùpùpù, akoto, aṣọ awọ àti bàtà lọ síbi àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, táyà wà láti pààrọ̀, epo wà láti rà. Nígbà tí ìdánrawò bá parí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ mú ìwé àbájáde nígbà tó ṣì gbóná láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, nítorí pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti mọ ipò tí wọn yóò ti gbéra, àkókò tí a sì fi ń gba ẹ̀hónú kì í pẹ́ kọjá. Kí wọ́n tó tún mí, ohùn á ti ké láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kí àwọn tó kàn máa bọ̀ ní ibi ìtòpọ̀. Gbogbo ìrìn yìí, ẹ̀gbọ́n ló ni ín, torí àbúrò ń wọ aṣọ awọ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ńlá ní òṣìṣẹ́ fún ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kékeré ní kẹ̀kẹ́.

Ǹjẹ́ mo lè gun kẹ̀kẹ́ wọ ọ̀nà pítì?

Rárá. Ẹ má tilẹ̀ fi ọwọ́ tì í wọ ibẹ̀ nígbà tí ojú eré bá ṣí sílẹ̀.

Nínú eré MotoGP, ìdíje alùpùpù tó ga jù lọ lágbàáyé, àti ní Isle of Man TT, eré tí wọ́n ń sá lórí títì erékùṣù náà, 60 km ní wákàtí kan ni òpin eré tí wọ́n gbà kí alùpùpù sá ní ọ̀nà pítì. Lójú ẹni tó ń wò láti orí ìjókòó àwọn òǹwòran, ó dà bíi pé alùpùpù náà ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n eré yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹni tó ń gùn ún sì lè jẹ́ ẹni tí táyà rẹ̀ ti bàjẹ́, tí bíréèkì rẹ̀ ti gbóná jù, tàbí tó ń wá àgọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ àgọ́ tó jọra. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè fò sẹ́yìn. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ kó tó lè sá, ibẹ̀ ni ewu náà wà. Bí ó bá sì ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kó lè sá àsálà, pẹ́dà àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó wà nílẹ̀ náà yóò di ìdẹkùn fún alùpùpù tó ń bọ̀.

Nígbà tí eré bá ti parí pátápátá, tí àwọn alábòójútó sì ti fọwọ́ sí i, àwọn pápá kan máa ń gbà kí a gba ọ̀nà pítì kọjá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe é. Pé ẹnìkan ń gùn ún lọ níwájú yín kò fi hàn pé wọ́n fún un láyè.

Kí ló dé tí ènìyàn kò kàn ní lo alùpùpù kékeré? Ṣebí eré alùpùpù la bá wá.

Ọ̀pọ̀ ló ń lò ó. Honda ṣe alùpùpù kékeré kan tí a mọ̀ sí Monkey. Èyí àkọ́kọ́ nínú ìran rẹ̀, Z100, jáde ní 1961 fún ibùdó ìgbafẹ́ Tama Tech ní Jàpáánì, kí àwọn ọmọdé lè máa gùn ún ṣeré. Nígbà tó yá, irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ di ohun tí àwọn ẹgbẹ́ eré ìje fi ń sáré kiri ẹ̀yìn pápá, pàápàá ní Amẹ́ríkà, títí tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n bá ara wọn díje fúnra wọn.

Àmọ́ ó ń pariwo, ó ń jẹ epo, ó sì máa ń gbóná lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Bí ẹ bá gbé e sáàárín àgọ́ tí ọmọ ọwọ́ ń sùn nínú rẹ̀, ẹ ó mọ ìdí tí àwọn pápá kan fi kà á léèwọ̀, tí àwọn mìíràn sì fi ní kí ẹni tó fẹ́ gùn ún ní ìwé àṣẹ awakọ̀, kó dé akoto, kó sì lẹ nọ́ńbà eléré tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò fìyà jẹ. Ẹ ṣàkíyèsí pé eléré gan-an ni ìjìyà máa ń bá. Àbúrò mekáníìkì tó fi alùpùpù kékeré sá eré àsápajúdé láàárín èrò lè mú kí wọ́n bu owó ìtanràn lé ọ̀gá rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò ṣàìní òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tó dè é kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹni ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Irú kẹ̀kẹ́ wo ló dára jù?

Èyí tí kò dùn yín bí wọ́n bá jí i gbé, tí bíréèkì rẹ̀ sì ń mú dáadáa. Ohun tí mo rò nìyẹn, kò sì sí ẹni tó tíì yí mi lọ́kàn padà.

Àwọn kan máa ń gbé kẹ̀kẹ́ eré tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ wá, pẹ̀lú táyà tó tín-ín-rín àti ọwọ́ tó tẹ̀ sísàlẹ̀. Ó dára lójú títì. Nínú pádọ́ọ̀kì, ẹni tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í rí ohun tó ń jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Kẹ̀kẹ́ tí ènìyàn ń jókòó ṣánṣán lé lórí ló yẹ ibẹ̀, irú Ráléè tí àwọn bàbá wa fi ń lọ sóko tí àwọn olùkọ́ sì fi ń lọ sílé ìwé, tí ó ní káríà lẹ́yìn àti àyè fún apẹ̀rẹ̀ níwájú. Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe Ráléè, láti Nottingham, kò rò pé ọjọ́ kan yóò wúlò lẹ́yìn gáráàjì alùpùpù, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ alùpùpù ní Bírítéènì ti bẹ̀rẹ̀. Triumph ta kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Coventry kó tó ṣe alùpùpù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1902.

Bí àyè inú ọkọ̀ yín bá kéré, ẹ wo kẹ̀kẹ́ tó ń ká. Brompton, tí wọ́n ń ṣe ní London, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní táyà oní-ínṣì 16, ń ká débi tí ó fi lè wọ abẹ́ tábìlì. Ó wọ́n, àwọn olè sì mọ iye rẹ̀. Táyà kékeré náà kò fẹ́ràn koríko tútù, bẹ́ẹ̀ sì ni orí koríko ni ọ̀pọ̀ pádọ́ọ̀kì máa ń parí sí. Kẹ̀kẹ́ orí òkè tí táyà rẹ̀ nípọn, èyí tí ẹlòmíràn ti lò, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí jù lọ fún owó díẹ̀.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í wò ni ẹnu túùbù. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: ọ̀kan tín-ín-rín, ó gùn, ti kẹ̀kẹ́ eré ni. Èkejì nípọn, ó sì bá ti ọkọ̀ àti ti alùpùpù mu. Ẹ yan èyí tó nípọn. Gbogbo àgọ́ tó wà níbẹ̀ ló ní ohun ìfẹ́táyà tó bá a mu, ẹ kò ní láti gbé pọ́ǹpù tiyín dání. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ipá fẹ́ afẹ́fẹ́, nítorí pé túùbù kẹ̀kẹ́ kéré púpọ̀, ó sì lè bẹ́ kí ẹ tó yọ ọwọ́.

Kí ló fà á tí táyà kẹ̀kẹ́ fi máa ń jò níbẹ̀ ju níta lọ?

Wáyà ni. Lórí alùpùpù eré ìje, òfin sọ pé kí wọ́n fi wáyà irin tín-ín-rín so àwọn bóòtù kan mọ́lẹ̀, bíi bóòtù tó dí ihò tí a fi ń da ọ́ìlì nù, kí ó má baà tú lójú eré. Ọ́ìlì tó bá dà sójú eré lè gbé eléré mẹ́wàá ṣubú kí wọ́n tó gbé àsíá sókè. Mekáníìkì yóò ki wáyà náà bọ inú ihò kékeré tó wà lórí bóòtù, yóò fi ẹ̀mú lọ́ ọ pọ̀ títí yóò fi dà bí irun dídì, yóò so ó mọ́ ibi tó dúró gbọin, lẹ́yìn náà yóò gé ìyókù. Ìyókù yẹn, tí kò ju ìdajì ìka lọ, tí ojú ibi tí wọ́n ti gé e sì mú bí abẹ́rẹ́, yóò fò sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mekáníìkì rere, yóò ṣà á. Bí kò bá rí i, táyà yín yóò bá a rí i.

Àfikún sí ìyẹn ni ẹ̀rún irin tó jábọ́ nígbà tí wọ́n ń lu ihò, àti ìṣó tí wọ́n fi kan àgọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ lo táyà tó nípọn, ẹ da oje adíhò sínú túùbù, kí ẹ sì gbé túùbù kan pamọ́. Ẹ má retí fọganáísà lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tó ń pààrọ̀ táyà níbẹ̀ ní ẹ̀rọ tó lè yọ táyà alùpùpù kí ẹ tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ eré wọn kì í ráyè gbọ́ ti kẹ̀kẹ́.

Ṣé kẹ̀kẹ́ oníbátìrì dára?

Ó dára fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ó sì dára níbi tí òkè wà. Ní Bírítéènì, kẹ̀kẹ́ tí agbára mọ́tò rẹ̀ kò ju wáàtì 250 lọ, tí mọ́tò náà sì ń dákẹ́ nígbà tí eré bá ti dé máìlì 15.5 ní wákàtí kan, kẹ̀kẹ́ lásán ni lójú òfin. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 14 lè gùn ún láìgba ìwé àṣẹ awakọ̀. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, alùpùpù ni, ohun tí òfin sì ń béèrè lọ́wọ́ alùpùpù ni yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni bátìrì. Bátìrì lithium tó bá ti ṣubú, tí omi ti wọ̀, tàbí tí wọ́n fi ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣájì lè gbaná lójijì, iná náà kì í sì í kú bọ̀rọ̀. Ẹ wá ro ó wò pé abẹ́ àgọ́ tí kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù wà ni ẹ ti ń ṣájì rẹ̀ mọ́jú, tí ènìyàn sì ń sùn nínú ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣájì rẹ̀ ní ọ̀sán, níta, níbi tí ojú yín ti tó o, jìnnà sí epo. Bí ibi tí ẹ ti ń bọ̀ bá gba kí ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ gbàgbé kẹ̀kẹ́ oníbátìrì: bátìrì tó ju 160 wáàtì-wákàtí lọ kì í wọ ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó èrò, ti kẹ̀kẹ́ sì sábà máa ń ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ.

Sùkútà oníná tí a ń dúró gùn ńkọ́?

Ní Bírítéènì, ẹni tó bá ra tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn ún lójú títì tàbí lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Pádọ́ọ̀kì jẹ́ ilẹ̀ oníǹkan, nítorí náà onílẹ̀ ló máa sọ bóyá òun gbà. Àwọn kan gbà, àwọn kan kọ̀. Táyà rẹ̀ kékeré jù fún okùn iná tó nà kọjá lórí ilẹ̀, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀.

Kí ni mo lè fi kẹ̀kẹ́ gbé, kí sì ni kò yẹ?

Ohun tó bá wọ apẹ̀rẹ̀ tí kò sì yọrí jáde, ẹ gbé e: ìwé, sípánà kan tàbí méjì, oúnjẹ, omi, ìbọ̀wọ́ tí eléré gbàgbé. Akoto lè wọ inú apẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ má fi í kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Yóò máa mì, yóò sì lu férémù, akoto tó bá sì ti gbá nǹkan gidi lè má kọjá àyẹ̀wò mọ́.

Epo bẹntiróòlù ni mo fẹ́ kí a tẹnu mọ́. Kẹ́ẹ̀gì tó kún máa ń fa kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Epo inú rẹ̀ á máa mì lọ mì bọ̀, nígbà tí ẹ bá sì tẹ bíréèkì, ìwúwo náà kò ní dúró bí ẹ ṣe dúró. Ẹ lo ọmọlanke, tàbí kí ènìyàn méjì gbé e. Omi bíréèkì pẹ̀lú, ẹ di ìgò rẹ̀ dáadáa sínú àpò, nítorí pé bí ó bá dà sára ọ̀dà alùpùpù ẹlòmíràn yóò bó o.

Ẹsẹ̀ alùpùpù ni àwọn ènìyàn máa ń fi dánra wò jù. Ẹ ó rí ọ̀dọ́kùnrin tó fi apá kan bọ inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù, tó gbé e kọ́ èjìká, tó sì ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù darí kẹ̀kẹ́ láàárín èrò. Ọwọ́ kan yẹn ló máa ń tẹ bíréèkì iwájú lójijì. Bí ẹ bá rántí pé wọ́n máa ń fi aṣọ oníná mú táyà wọ̀nyí gbóná tó ìwọ̀n 80 lórí ìwọ̀n Celsius kí wọ́n tó jáde sí eré, ẹ ó mọ̀ pé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ kúrò lára rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbé sí ọrùn. Táyà tuntun tí kò tíì wọ irin, tó tutù, ẹ lè dè é mọ́ káríà. Ẹsẹ̀ tó pé pẹ̀lú irin rẹ̀ àti àwo bíréèkì, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn gbé e.

Ṣé ọmọ mi lè gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀?

Nínú pádọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ ni, níbi tí wọ́n bá ti gbà á, bí àgbà bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀nà pítì àti ògiri rẹ̀ kò gba ọmọdé rárá. Ọ̀pọ̀ pápá ní Bírítéènì kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 débẹ̀. Òru ló yẹ kí òbí bẹ̀rù jù, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti mọ ara wọn tí wọ́n sì ń sáré yí àgọ́ ká, tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù sì ń rìn sẹ́yìn láti wá àyè. Ẹ kọ́ ọmọ pé kó máa wo iná ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò ní gbọ́ ariwo rẹ̀ láàárín ìró jẹnẹrétọ̀.

Ṣé dandan ni akoto?

Òfin Bírítéènì kò fi dandan mú ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti dé akoto. Òfin pápá lè fi dandan mú un, ó sì dára kí ẹ dé e. Ti kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ dé. Ti alùpùpù wúwo, ó gbóná, ó sì ń dí etí. Ẹ̀wẹ̀, ẹ má ki ohun ìdíwọ́ ariwo sí etí nígbà tí ẹ bá wà lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ dúró lẹ́bàá gáráàjì kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́.

Báwo ni mo ṣe lè gùn ún lálẹ́?

Ẹ tan iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ẹ sì wo ilẹ̀ ju ọ̀kánkán lọ. Okùn àgọ́ máa ń nà jáde ju bí ẹ ṣe rò lọ, ó sì máa ń wà ní gíga àyà ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Okùn iná tí wọ́n fà láti àgọ́ dé àgọ́, ẹ sọdá rẹ̀ tààrà, ẹ má gùn ún ní ìhà. Bí òjò bá ti rọ̀, ọ́ìlì tó ti dà sílẹ̀ láti àárọ̀ yóò léfòó. Ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Báwo ni ti àwọn olè?

Wọ́n ń wá, pàápàá lóru ọjọ́ tó ṣáájú eré, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sùn fọnfọn. Alùpùpù eré ni wọ́n ń wá gan-an, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tó dúró láìní àgádágodo ni wọn yóò gbé lọ bí ọwọ́ wọn kò bá tẹ alùpùpù. Ẹ fi àgádágodo irin so ó mọ́ ohun tí kò ṣeé gbé. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára férémù sílẹ̀, kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ BikeRegister, ibi àkọsílẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá Bírítéènì máa ń yẹ̀ wò. Nọ́ńbà eléré yín, ẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ sára férémù gàdàgbà. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ ti bà lẹ́wà jẹ́ kò wu olè.

Ibo ni kẹ̀kẹ́ ti nira jù?

Brands Hatch ní Kent, tí ojú eré rẹ̀ tó gùn jù kò ju máìlì 2.433 lọ, kéré, àmọ́ ilẹ̀ pádọ́ọ̀kì rẹ̀ dagun. Ẹ óò máa yọ́ lọ bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó sì máa mí hẹlẹ bí ẹ bá ń gòkè. Kẹ̀kẹ́ tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ lè yí lu ọkọ̀ ẹlòmíràn. Cadwell Park ní Lincolnshire, níbi tí alùpùpù ti ń fò kúrò nílẹ̀ ní òkè kan tí wọ́n ń pè ní Mountain, kò fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà.

Isle of Man yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Láti 1911 ni wọ́n ti ń sá eré lórí ojú títì tó gun àwọn òkè ibẹ̀, ó gùn tó máìlì 37.73. Pádọ́ọ̀kì wà lẹ́yìn ìjókòó àwọn òǹwòran ní Glencrutchery Road, lókè ìlú Douglas, bẹ́ẹ̀ sì ni etíkun ni ọkọ̀ ojú omi máa ń gúnlẹ̀ sí. Gígòkè láti etíkun dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn kì í ṣe eré ọmọdé. Àǹfààní kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ máa ń há nígbà tí ìlú bá kún. Ààlà rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n bá ti ti títì pa fún eré, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rékọjá rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tàbí pẹ̀lú ẹsẹ̀. Òfin erékùṣù náà ni, ẹni tó bá rú u lè dé iwájú adájọ́. Ẹ mọ ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹ ó wà kí wọ́n tó tì í.

Ibo ló sì ti rọrùn jù?

Assen, ní Netherlands. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́, kẹ̀kẹ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè náà sì pọ̀ ju ènìyàn lọ, nítorí náà kò sí ẹni tó ń wo ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bí àjèjì. Láti 1925 ni wọ́n ti ń ṣe Dutch TT, ojú eré tí wọ́n ń lò báyìí sì gùn tó 4.542 km. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ló ń gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú dé ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá ń bá eré British Superbike kiri, tí ó máa ń kọjá òkun lọ sí Assen láwọn ọdún kan, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín dání.

Ṣé àwọn eléré fúnra wọn ń gun kẹ̀kẹ́?

Wọ́n ń gùn ún púpọ̀. Ṣáájú ọjọ́ ìdánrawò, ẹ ó rí wọn pẹ̀lú mekáníìkì wọn, tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ yí ojú eré ká díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń dúró ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan láti wo ibi tí ọ̀dà ti ya tàbí ibi tí omi máa ń dúró sí. Eré alùpùpù kò fún ojú láyè láti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì ń fi kẹ̀kẹ́ mú ara le. Aleix Espargaró, tó gba ìṣẹ́gun MotoGP àkọ́kọ́ fún Aprilia ní Argentina ní 2022, fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ débi pé nígbà tó ṣíwọ́ dídíje ní gbogbo ìgbà nínú MotoGP ní ìparí 2024, ó di aṣojú fún ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ Lidl-Trek. Ibẹ̀ náà ni ìbànújẹ́ ti wá: Nicky Hayden, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ife-ẹ̀yẹ MotoGP ní 2006, ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe ìdánrawò ní Ítálì, nítòsí Rimini, ní oṣù karùn-ún 2017 nígbà tí ọkọ̀ gbá a, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Ojú títì ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ní pádọ́ọ̀kì.

Níbo ni kí n gbé kẹ̀kẹ́ sí nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́?

Ẹ̀yìn gáráàjì tàbí ẹ̀yìn àgọ́, kí ó fara ti ohun tó lágbára. Ẹ má gbé e sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ìtọ́jú aláìsàn máa ń gbà, ẹ má sì fi dí ibi tí agolo ìpaná wà. Bákan náà, ẹ má fi í ti alùpùpù eré, kódà bí ó bá jẹ́ tiyín: ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lè ha ara alùpùpù, tàbí kó tẹ ìjánu bíréèkì láìsí ẹni tó mọ̀. Bí eléré yín bá ṣubú lójú eré, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú tó wà nínú pápá, kẹ̀kẹ́ yìí ni yóò kọ́kọ́ gbé yín débẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ àgádágodo rẹ̀ wà lápò ẹni tó ń dúró ní gáráàjì.